Àjogúnbá ìwọ̀n ara àti ìdàgbàsókè lára àgùntàn

Àjogúnbá ìwọ̀n ara àti ìdàgbàsókè lára àgùntàn jẹ́ ẹ̀ka ìmọ̀ àbùdá tí ó ń ṣàlàyé ipa tí jíìnì ń kó nínú bí àgùntàn ṣe ń tóbi, bí ó ṣe ń yára dàgbà tó, àti bí àwọn àbùdá wọ̀nyí ṣe ń ti ara òbí bọ́ sí ara ọmọ. Àwọn olùsìn ẹran ń lo ìmọ̀ yìí láti mọ ẹran tí ó yẹ kí wọ́n fi sílẹ̀ fún ìbísí àti èyí tí ó yẹ kí wọ́n tà. Ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, títí kan Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ẹran tí ọ̀rọ̀ náà kàn jù ni àgùntàn ìbílẹ̀ tí a mọ̀ sí àgùntàn arara Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ó kéré lára, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ le sí àwọn àrùn ilẹ̀ igbó àti etí omi. Ohun tí ó ń kọ àwọn olùsìn lóminú ni bí wọn yóò ṣe mú kí ẹran náà wúwo sí i láìsọ okun yìí nù.

Ìran àgùntàn àti àwọn ẹ̀yà rẹ̀

Àgùntàn, tí orúkọ sáyẹ́ǹsì rẹ̀ ń jẹ́ Ovis aries, wà lára àwọn ẹranko tí ènìyàn kọ́kọ́ sọ di ẹran ọ̀sìn. Ó ti tó nǹkan bí 10,000 ọdún sẹ́yìn tí àwọn ará Gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn Éṣíà ti bẹ̀rẹ̀ sí í sìn ín, láti ibẹ̀ ni ó sì ti gba apá àríwá wọ ilẹ̀ Áfíríkà. Sẹ́ẹ̀lì àgùntàn ní kírómósómù 54, tí ó jẹ́ méjì-méjì lọ́nà 27. Nínú méjì kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan ti ọ̀dọ̀ bàbá wá, èkejì sì ti ọ̀dọ̀ ìyá wá. Kírómósómù 60 ni ewúrẹ́ ní, èyí sì wà lára ohun tí kì í jẹ́ kí àgùntàn àti ewúrẹ́ bímọ fún ara wọn, bí wọ́n tilẹ̀ jọ ń jẹ̀ kiri ní àdúgbò kan náà.

Ẹ̀yà àgùntàn ìbílẹ̀ mẹ́rin ni a mọ̀ jù ní Nàìjíríà. Balami ni ó tóbi jù nínú wọn. Funfun ni, etí rẹ̀ gùn, ó sì wà sílẹ̀. Uda jẹ́ aláwọ̀ méjì: iwájú rẹ̀ pupa tàbí dúdú, ẹ̀yìn rẹ̀ sì funfun. Yankasa ni ó tàn kálẹ̀ jù. Funfun ni òun náà, ṣùgbọ́n àyíká ojú, etí àti ẹnu rẹ̀ dúdú. Apá àríwá ni ìbùgbé àwọn mẹ́ta wọ̀nyí. Ẹ̀yà kẹrin ni àgùntàn arara Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí àwọn orílẹ̀-èdè tí ń sọ Faransé ń pè ní Djallonké, nítorí òkè Fouta Djallon ní Guinea. Òun ni ẹran ilẹ̀ Yorùbá, ti Benin àti ti Togo. Irun ni ó bo ara rẹ̀, kì í ṣe òwú. Àgbò rẹ̀ a máa ní ìwo àti gọ̀gọ̀ ní ọrùn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ abo rẹ̀ kì í ní ìwo.

Ìyàtọ̀ ìwọ̀n láàárín wọn hàn gbangba. Nígbà tí àgùntàn arara bá dàgbà tán, ìwọ̀n rẹ̀ a máa wà láàárín kílógíráàmù 20 sí 35, bẹ́ẹ̀ ni àgbò Balami lè ju kílógíráàmù 60 lọ. Ọmọ àgùntàn arara kì í sábà ju kílógíráàmù 1.5 sí 2 lọ ní ọjọ́ tí a bí i. Kódà bí a bá fún ẹ̀yà méjèèjì ní oúnjẹ kan náà, arara kò ní tóbi tó Balami. Láàárín ẹ̀yà sí ẹ̀yà, jíìnì ni ó fa èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìyàtọ̀ náà.

Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́

Ìkòròdú wà ní etí ọ̀sà Èkó. Ẹ̀pẹ́ wà ní ìlà-oòrùn rẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀sà Lekki. Òjò ń rọ̀ níbẹ̀ lọ́nà méjì lọ́dún: ti àkọ́kọ́ máa ń pọ̀ láti oṣù kẹrin sí oṣù keje, ti èkejì sì máa ń wáyé ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá. Koríko kì í wọ́n ní àkókò òjò, ṣùgbọ́n ọ̀rinmi náà ń mú kí aràn inú àti kòkòrò tí ń fa àrùn gbilẹ̀. Nínú igbó etí omi ni eṣinṣin tsetse, tí ń gbé kòkòrò trypanosome wọ inú ẹ̀jẹ̀ ẹran, máa ń gbé.

Ọ̀pọ̀ ìdílé ní agbègbè méjèèjì kò sin àgùntàn gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tí wọ́n fi ń jẹun. Wọ́n ń sin díẹ̀ ní àgbàlá, wọ́n ń jẹ́ kí wọ́n jẹ̀ kiri lọ́sàn-án, wọ́n sì ń fi èèpo gbágùúdá, èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti èérí àgbàdo kún un fún wọn nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú. Bí owó ilé ẹ̀kọ́ tàbí owó ìwòsàn bá dé láìròtẹ́lẹ̀, ẹran ni wọn yóò kọ́kọ́ tà. Ìwọ̀n kílógíráàmù kan sí i lára àgbò jẹ́ owó gidi fún irú ìdílé bẹ́ẹ̀.

Ìdá àjogúnbá

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni bíni là á jọ. Ìmọ̀ àbùdá gba ọ̀rọ̀ yìí wọlé, ṣùgbọ́n ó fi ìṣirò kún un: báwo ni ọmọ ṣe máa jọ òbí rẹ̀ tó? Ìwọ̀n ara kì í ṣe àbùdá tí jíìnì kan ṣoṣo ń darí, bí àwọ̀ ara tàbí níní ìwo ṣe lè jẹ́. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ jíìnì ni ó ń pawọ́ pọ̀ ṣe é, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń dá ohun kékeré sí i. Àyíká náà ń dá tirẹ̀ sí i: oúnjẹ, omi, àrùn, àsìkò tí a bí ẹran náà, àti ìtọ́jú tí ó rí gbà.

Àwọn onímọ̀ ń lo òǹkà kan tí a lè pè ní ìdá àjogúnbá láti fi mọ ìwọ̀n tí ipa jíìnì pọ̀ tó. Ó bẹ̀rẹ̀ láti 0, ó sì dé 1. Bí ó bá sún mọ́ 0, àyíká ni ó fa ọ̀pọ̀ ìyàtọ̀ tí a rí láàárín ẹran kan àti èkejì nínú agbo kan náà. Bí ó bá sún mọ́ 1, jíìnì ni ó fà á. Nínú ọ̀pọ̀ ìwádìí tí a ti ṣe káàkiri àgbáyé, ìdá àjogúnbá ìwọ̀n àgùntàn ní ọjọ́ ìbí àti ní ìgbà tí a já a lẹ́nu ọmú sábà máa ń wà ní àyíká 0.1 sí 0.3. Ó máa ń ga díẹ̀ sí i bí ẹran náà bá ti ń dàgbà.

Ìtumọ̀ èyí fún olùsìn ni pé bí a bá rí àgbò méjì nínú agbo kan, tí ọ̀kan wúwo ju èkejì lọ, èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìyàtọ̀ náà kò ní bọ́ sí ara ọmọ. Ó lè jẹ́ pé ọ̀kan ni ó dá wá sáyé tí èkejì sì jẹ́ ìbejì. Ó sì lè jẹ́ pé ìyá ọ̀kan ní wàrà ju ti èkejì lọ. Síbẹ̀, apá kékeré tí ó kù kì í ṣòfò, nítorí pé èyí tí ó bá wọ inú jíìnì agbo yóò máa ti ìran kan bọ́ sí èkejì.

Ipa ìyá

Oṣù márùn-ún, tàbí nǹkan bí 150 ọjọ́, ni àgùntàn fi ń lóyún. Ní gbogbo ìgbà yìí, ìyá ni àyíká ọmọ. Ìyá tí ó bá tóbi, tí ó sì jẹun dáadáa, máa ń bí ọmọ tí ó wúwo. Wàrà rẹ̀ sì ni ó ń pinnu bí ọmọ náà yóò ṣe dàgbà títí di ìgbà tí a bá já a lẹ́nu ọmú, èyí tí ó sábà máa ń jẹ́ nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Nítorí náà, ọ̀nà méjì ni ìyá ń gbà nípa lórí ìwọ̀n ọmọ rẹ̀: nípa jíìnì tí ó fún un, àti nípa ikùn àti ọmú tí ó fi tọ́ ọ. Bàbá kò ní ju ọ̀nà kan lọ, ìyẹn jíìnì.

Àwọn ohun mìíràn tí ó máa ń fa ìyàtọ̀ láìjẹ́ ti àjogúnbá pọ̀. Akọ máa ń wúwo ju abo lọ. Ọmọ tí a dá bí máa ń wúwo ju ìbejì lọ, ọmọ àkọ́bí sì sábà máa ń fúyẹ́ ju àwọn tí wọ́n tẹ̀ lé e lọ. Ìbejì wọ́pọ̀ láàárín àgùntàn arara. Ẹni tí ó bá kàn wo ìwọ̀n tí kò sì wo irú ìbí lè ta ìbejì tí jíìnì rẹ̀ dára, kí ó sì fi ọmọ tí a dá bí sílẹ̀ nítorí pé òun nìkan ni ó mu wàrà ìyá rẹ̀.

Àwọn jíìnì tí a ti dá mọ̀

Lọ́dún 2009, àwọn onímọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lo ohun èlò kan tí ó lè yẹ ojú àmì tí ó ju 50,000 lọ wò lẹ́ẹ̀kan náà lára DNA àgùntàn. Lọ́dún 2014, a tẹ àlàyé kíkún nípa àkójọpọ̀ jíìnì rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn Science. Láti ara irú iṣẹ́ wọ̀nyí ni a ti mọ àwọn jíìnì kan tí ipa wọn lórí ara hàn kedere.

Myostatin jẹ́ jíìnì tí ń dá ìdàgbà ẹran ara dúró kí ó má baà pọ̀ jù. Lára àgùntàn Texel ti Nẹ́dálándì, ìyípadà kékeré kan nínú jíìnì yìí ń dín agbára rẹ̀ kù, ẹran ara á sì máa pọ̀ sí i. Lọ́dún 2006 ni àwọn onímọ̀ ṣàlàyé bí ìyípadà náà ṣe ń ṣiṣẹ́.

Callipyge jẹ́ ìyípadà mìíràn, ní orí kírómósómù 18, tí a kọ́kọ́ rí lára àgbò kan ní Oklahoma, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1983. Ó ń mú kí ìdí àti itan àgùntàn kún fún ẹran. Ohun tí ó yani lẹ́nu nínú rẹ̀ ni pé ó máa ń hàn lára ọmọ kìkì bí ọmọ náà bá gbà á lọ́wọ́ bàbá, tí ó sì gba irú èyí tí kò yí padà lọ́wọ́ ìyá.

Agbègbè LCORL ní orí kírómósómù kẹfà ní í ṣe pẹ̀lú títóbi ara. A ti rí ipa agbègbè yìí lára màlúù, ẹṣin àti ènìyàn pẹ̀lú.

Booroola, tí a mọ̀ láti ara àgùntàn Merino ní Ọsirélíà, kò kan ìwọ̀n ara tààrà. Iye ọmọ tí a ń bí lẹ́ẹ̀kan ni ó ń mú pọ̀ sí i. Àmọ́ bí ọmọ bá ti ń pọ̀ nínú ikùn kan, bẹ́ẹ̀ ni ìwọ̀n ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń dín kù.

Irú jíìnì ńlá bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀. Lára ọ̀pọ̀ àgùntàn, títí kan arara, àkójọ ipa kéékèèké tí ọ̀pọ̀ jíìnì ń kó ni ó ń pinnu ìwọ̀n.

Ṣíṣa ẹran fún ìbísí

Ìṣirò kan tí ó rọrùn ni a fi ń mọ èrè tí ó wà nínú ṣíṣa ẹran. A ó wo bí òbí tí a yàn ṣe fi wúwo ju gbogbo agbo lọ, a ó sì fi ìdá àjogúnbá sọ ọ́ di púpọ̀. Kí a mú agbo kan gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ: ìwọ̀n ẹran ọlọ́dún kan níbẹ̀ jẹ́ kílógíráàmù 20 ní ìpíndọ́gba, ìdá àjogúnbá sì jẹ́ 0.2. Bí a bá fi àgbò tí ó jẹ́ kílógíráàmù 26 sílẹ̀ láti máa gun àwọn abo, tí a kò sì yan àwọn abo náà, àgbò náà fi 6 ju agbo lọ. Nítorí pé ìlàjì jíìnì ọmọ ni ti bàbá, 3 ni a ó kà. Ìdá 0.2 nínú 3 jẹ́ 0.6. Àwọn ọmọ rẹ̀ yóò máa sún mọ́ kílógíráàmù 20.6 ní ìpíndọ́gba bí wọ́n bá pé ọdún kan, bí ìtọ́jú kò bá yí padà.

Òǹkà yìí kéré lójú, ṣùgbọ́n ó ń kóra jọ láti ìran dé ìran. Ohun tí Robert Bakewell ṣe ní England ní ọ̀rúndún kejìdínlógún nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tí ń jẹ́ jíìnì. Ó ń ya àwọn àgbò tí ó dára sọ́tọ̀, ó ń yá wọn fún àwọn àgbẹ̀ mìíràn fún àsìkò kan, ó sì ń wo irú ọmọ tí wọ́n bí kí ó tó pinnu èyí tí yóò máa lò lọ.

Iléyá àti ṣíṣà ní òdì

Ìṣirò kan náà lè ṣiṣẹ́ ní ọ̀nà òdì. Nígbà tí ọdún Iléyá bá ń bọ̀, àgbò tí ó tóbi jù, tí kò sì ní àbùkù, ni oníbàárà máa ń kọ́kọ́ nawọ́ sí. Olówó rẹ̀ náà fẹ́ tà á, nítorí pé òun ni yóò mú owó wá jù. Ọ̀dọ́ àgbò tí ó yára dàgbà á ti kúrò ní agbo kí ó tó bí ọmọ púpọ̀. Èyí tí kò dàgbà dáadáa, tí ẹnikẹ́ni kò rà, ni ó kù sílẹ̀ tí yóò sì di bàbá àwọn ọmọ tí ń bọ̀.

Nínú àpẹẹrẹ òkè yìí, bí ó bá jẹ́ pé àgbò oníkílógíráàmù 17 ni ó ṣẹ́kù, ó fi 3 kéré sí agbo. Ìlàjì rẹ̀ jẹ́ 1.5, ìdá 0.2 nínú rẹ̀ sì jẹ́ 0.3. Ìpíndọ́gba ìwọ̀n àwọn ọmọ yóò lọ sílẹ̀ sí 19.7. Kò sí ẹni tí yóò ṣàkíyèsí rẹ̀ ní ọdún kan. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ìran ni àwọn ènìyàn yóò máa sọ pé àgùntàn ayé àtijọ́ tóbi ju ti ìsinsìnyí lọ.

Àtúnṣe rẹ̀ kò béèrè ẹ̀rọ tàbí owó ńlá. Ẹni tí ó ní agbo lè dá àgbò tí ó dára jù dúró kí ó gun àwọn abo fún àsìkò kan, kí ó sì tà á ní Iléyá tí ó tẹ̀ lé e. Àwọn akọ tí kò dára fún ìbísí ni a lè tẹ̀ lọ́dàá ní kékeré. Ìṣètò ọjọ́ náà ṣe pàtàkì. Oyún gba oṣù márùn-ún, ọ̀dọ́ àgbò sì nílò nǹkan bí ọdún kan kí ó tó tó tà. Àgbò tí a fẹ́ tà ní Iléyá kan gbọ́dọ̀ ti wà nínú oyún ní nǹkan bí oṣù 17 ṣáájú. Níwọ̀n bí Iléyá sì ti ń fi nǹkan bí ọjọ́ 11 yá lọ́dọọdún, àsìkò tí ó yẹ kí a gbé àgbò sáàárín abo ń yí padà.

Gígùn láàárín ìbátan

Nínú agbo kékeré, àgbò kan lè wà fún ọ̀pọ̀ ọdún títí yóò fi gun àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ìbátan tí ó bá gun ìbátan ń mú kí jíìnì aláìpé tí ó fara pamọ́ pàdé ara wọn. Ọmọ lè fúyẹ́, kí ó máa dàgbà díẹ̀díẹ̀, tàbí kí ó kú ní kékeré. Pípààrọ̀ àgbò láàárín àwọn aládùúgbò ní ọdún méjì-méjì tó láti dín ewu yìí kù.

Dída ẹ̀yà pọ̀

Ọ̀nà tí ó yá jù láti mú kí ìwọ̀n pọ̀ sí i ni kí a jẹ́ kí àgbò Yankasa tàbí Balami gun abo arara. Ọmọ àdàpọ̀ sábà máa ń wúwo ju ìyá rẹ̀ lọ. Nígbà mìíràn ó tún máa ń le ju bí a ti retí lọ, nítorí àǹfààní tí ó máa ń wà nínú pípàdé ẹ̀yà tí kò bára tan.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ní ìhà kejì. Àgùntàn arara lè gbé pẹ̀lú kòkòrò trypanosome nínú ẹ̀jẹ̀ kí ó sì máa jẹun, kí ó máa bímọ. Ẹ̀yà ilẹ̀ gbígbẹ apá àríwá kò ní irú ìfaradà yìí. Jíìnì ni ìfaradà náà dúró lé, ó sì ń dín kù bí ẹ̀jẹ̀ arara ṣe ń dín kù. Bí a bá tún jẹ́ kí àgbò Balami gun ọmọ àdàpọ̀, ìran tí ó tẹ̀ lé e yóò ní ìdá mẹ́rin ẹ̀jẹ̀ arara péré. Ó lè tóbi, kí ó sì máa béèrè oògùn àti oúnjẹ tí ìdílé tí ń fi èèpo gbágùúdá bọ́ ẹran kò ní agbára rẹ̀. Ìbímọ náà lè nira fún abo arara tí ó bá gbé ọmọ tí ó tóbi ju ara rẹ̀ lọ.

Ètò ìbísí àti ìwádìí

Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti gbìyànjú láti mú ìwọ̀n àgùntàn yìí pọ̀ sí i láti inú ẹ̀yà náà fúnra rẹ̀. Ní Côte d'Ivoire, ètò ṣíṣa àgùntàn Djallonké bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1983. Wọ́n ń gba ọ̀dọ́ àgbò tí ó dára láti inú agbo àwọn àgbẹ̀, wọ́n ń sìn wọ́n pọ̀ ní ibùdó kan náà kí oúnjẹ wọn lè dọ́gba, wọ́n sì ń dá àwọn tí ó yege padà fún àwọn àgbẹ̀. Ní Gáḿbíà, ibùdó ìwádìí lórí ìfaradà sí trypanosome bẹ̀rẹ̀ irú ètò bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1990, kí ìwọ̀n lè pọ̀ sí i láìjẹ́ kí ìfaradà náà sọnù.

Ní Ìbàdàn, ILCA, àjọ ìwádìí ẹran ọ̀sìn ní Áfíríkà, ṣiṣẹ́ lórí àgùntàn àti ewúrẹ́ arara, pàápàá lórí fífi ewé agúnmániyè bọ́ wọn. Lọ́dún 1994 ni a da àjọ náà pọ̀ mọ́ òmíràn láti dá ILRI sílẹ̀. Yunifásítì Ìbàdàn àti Yunifásítì Ìṣẹ́ Àgbẹ̀ ti Abẹ́òkúta náà ń kọ́ni ní ìmọ̀ ìbísí ẹran. Ní agbègbè tí a ń sọ, ẹ̀ka ìṣẹ́ àgbẹ̀ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó wà ní Ẹ̀pẹ́. Yunifásítì Sáyẹ́ǹsì àti Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Ìpínlẹ̀ Èkó, tí ó jẹ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga pólì títí di ọdún 2022, sì wà ní Ìkòròdú.

Wíwọn ẹran àti kíkọ àkọsílẹ̀

Kò sí ṣíṣà tí ó lè dára láìsí àkọsílẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí olùsìn kọ sílẹ̀ kò pọ̀: ọjọ́ ìbí, orúkọ tàbí àmì bàbá àti ìyá, akọ tàbí abo, bóyá a dá a bí tàbí ó jẹ́ ìbejì, ìwọ̀n ní ọjọ́ ìbí, ní oṣù mẹ́ta, àti ní ọdún kan. Òwúrọ̀ kùtùkùtù, kí ẹran tó jẹun, ni ó dára jù láti wọ̀n ọ́n, nítorí pé koríko àti omi inú ikùn lè mú kí ìwọ̀n yí padà láàárín ọjọ́ kan.

Ẹni tí kò ní òṣùwọ̀n lè lo okùn ìwọ̀n tí àwọn aránṣọ ń lò. A ó fi yí àyà ẹran náà ká ní ẹ̀yìn ẹsẹ̀ iwájú. Bí àyà bá ṣe fẹ̀ sí ni ìwọ̀n ara ń pọ̀ sí, a sì lè fi èyí wé ẹran kan mọ́ èkejì. Ìfiwéra tí ó ní ìtumọ̀ ni ti ẹran tí ọjọ́ orí wọn dọ́gba, tí wọ́n jọ jẹ oúnjẹ kan náà, tí irú ìbí wọn sì bára mu.

Ìpamọ́ ẹ̀yà náà

Lọ́dún 2007, àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n pàdé ní Interlaken, ní Switzerland, lábẹ́ àjọ FAO fọwọ́ sí ètò àgbáyé fún ìpamọ́ àwọn ẹ̀yà ẹran ọ̀sìn. Ìdí rẹ̀ ni pé jíìnì tí ó bá parun kúrò nínú ẹ̀yà kan kì í ṣe ohun tí owó lè rà padà. Àgùntàn arara wà lára àwọn ẹ̀yà tí ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ìdàpọ̀ tí kò ní ètò ni ó ń halẹ̀ mọ́ ọn jù ní etí ìlú ńlá bíi Èkó, nítorí pé àgbò apá àríwá pọ̀ nínú ọjà níbẹ̀, agbo ìbílẹ̀ sì ń dín kù bí ilé ṣe ń gba ilẹ̀ ìjẹko. Níbi tí abo arara bá ṣì wà, tí a sì ń fi àgbò arara tí ó dára jù gùn ún, ìwọ̀n lè máa pọ̀ sí i láti ìran dé ìran, kí ẹran náà sì máa gbé ilẹ̀ etí ọ̀sà bí ó ti ń gbé e láti ìgbà pípẹ́.